Ariwo Bíréèkì Ọkọ̀: Ìdí Rẹ̀, Àyẹ̀wò Rẹ̀ àti Àtúnṣe Rẹ̀ Nílé

Ariwo bíréèkì ni ohùn tí ó máa ń jáde láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tàbí nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tí ẹ̀yà bíréèkì kan sì ń kan ibi tí kò yẹ kí ó kàn. Ohùn náà lè tín-ín-rín bí súfèé, ó lè nípọn bí ìgbà tí irin ń ha irin, ó sì lè máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó léwu. Òmíràn kò ju ìrì òwúrọ̀ lọ, yóò sì dákẹ́ lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Òmíràn jẹ́ ìkìlọ̀ pé agbára tí ó ń dá ọkọ̀ dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tún bíréèkì aláriwo ṣe ni láti mọ irú ohùn tí ó ń gbọ́. Ẹni tí ó bá pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ láìmọ ìdí rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ dákẹ́, kí ewu sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ka àìṣiṣẹ́ bíréèkì mọ́ àwọn ohun tí ó ń fa ìjàǹbá ọkọ̀. Bákan náà, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó wà lójú pópó ni a ti lò ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù kí wọ́n tó wọlé, tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀ kẹ́yìn. Ohùn tí ọkọ̀ náà ń ké ni ó sábà máa ń jẹ́ ìròyìn àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ nípa rẹ̀.

Bí bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọkọ̀ tí ń sáré ní agbára ìrìn nínú. Bíréèkì kì í pa agbára yìí rẹ́. Ńṣe ni ó ń sọ ọ́ di ooru nípa fífi ohun kan gbo òmíràn. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, másítà bíréèkì yóò ti ọ́ìlì bíréèkì gba inú àwọn páìpù tín-ín-rín lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ́ìlì náà ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ibi tí ó yẹ.

Oríṣi bíréèkì méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni bíréèkì onídísìkì. Dísìkì jẹ́ àwo irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà. Kálípà, tí ó rí bí èékánná tí ó fẹ́ mú nǹkan, jókòó lé etí dísìkì náà. Pádì méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Bí ọ́ìlì bá ti písítọ̀nù inú kálípà, pádì méjèèjì yóò fún dísìkì mọ́ àárín. Oríṣi kejì ni bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù jẹ́ irin tí ó rí bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé, láínìn méjì tí ó tẹ̀ bí òṣùpá ìlàjì sì wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò ṣí síta láti tẹ ara ìkòkò náà bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ní dísìkì níwájú, wọ́n sì ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń rọ́ síwájú, nítorí náà bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, òun sì ni ó ń tètè jẹ tán.

Ohun tí ó ń sọ bíréèkì di aláriwo

Bí wọ́n ti ń ta gòjé ni bíréèkì ṣe ń pariwo. Nígbà tí olórin bá ń fa ọrun gòjé lórí okùn, ọrun náà yóò di okùn mú díẹ̀, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò tún dì í mú, yóò tún jọ̀wọ́ rẹ̀, lọ́nà tí ó yára tí ojú kò lè rí i. Gbígbọ̀n okùn náà ni etí ń gbọ́ bí orin. Pádì àti dísìkì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Pádì yóò lẹ̀ mọ́ dísìkì, yóò yọ̀, yóò tún lẹ̀, dísìkì náà yóò sì máa gbọ̀n bí agogo. Híhan bíréèkì sábà máa ń wáyé láàrin gbígbọ̀n 1,000 àti 16,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí etí ènìyàn ń gbọ́ ketekete. Ohunkóhun tí ó bá jẹ́ kí pádì ní àyè láti mì, bí irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ti jábọ́ tàbí ojú rẹ̀ tí ó ti le tí ó sì ń dán bí awò, yóò mú kí ohùn náà pọ̀ sí i.

Ìṣòro yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ bíréèkì onídísìkì. Ní 1902 ni Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ọkọ̀ ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì onídísìkì tirẹ̀. Irin ni ó ń fún irin nínú bíréèkì náà, ariwo rẹ̀ sì burú jáì. Herbert Frood, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ Ferodo sílẹ̀ ní 1897, ni ó wá fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì bo ojú pádì, ariwo náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó hàn gbangba pé eruku ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró àti ti awọ tí ó bò ó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní 1999, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ṣe bákan náà. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò tíì gbó: bíréèkì tí ó dákẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú bíréèkì tí ó dára.

Oríṣi ohùn àti ìtumọ̀ wọn

Ohùn òwúrọ̀. Bí ọkọ̀ bá sùn síta nínú òjò tàbí ìrì, ojú dísìkì á dípẹtà díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì fún ìgbà àkọ́kọ́, pádì yóò máa ha ìpẹtà náà kúrò, ohùn híha yóò sì jáde. Bí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn títẹ̀ díẹ̀, kò sí ohun tí a ní láti tún ṣe.

Híhan tín-ín-rín tí kò lọ. Èyí ni ó yẹ kí awakọ̀ tètè kọbi ara sí. Lára ọ̀pọ̀ pádì ni a ti ń rí ahọ́n irin kékeré kan tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè ké. Bí pádì bá ti jẹ dé nǹkan bí mìlímítà 2 tàbí 3, ahọ́n náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan dísìkì, yóò sì máa han bí táyà ti ń yí. Nígbà mìíràn yóò máa han nígbà tí ọkọ̀ ń lọ lásán, yóò sì dákẹ́ tàbí kí ó yí padà bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pádì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Híhan tín-ín-rín tún lè wá láti ara pádì tí ojú rẹ̀ ti dán, pádì tí kò dára, tàbí ibi ìjókòó pádì tí gíríìsì rẹ̀ ti gbẹ.

Híha irin mọ́ irin. Ohùn yìí nípọn, awakọ̀ sì máa ń mọ̀ ọ́n lára nínú pẹ́dàlì. Ó túmọ̀ sí pé pádì tàbí láínìn ti tán pátápátá, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì ń jẹ dísìkì. Ó tún lè jẹ́ òkúta kékeré tí ó há sáàárín dísìkì àti páànù ààbò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà láti fi dá wọn mọ̀ ni pé ti òkúta máa ń dún yálà a tẹ bíréèkì tàbí a kò tẹ̀ ẹ́, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gba ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà kọjá.

Dídún kọ̀kọ̀kọ̀. Bí pádì kò bá jókòó dáadáa nínú kálípà, tàbí bí àwọn irin tín-ín-rín tí ó ń dì í mú bá ti ṣẹ́, yóò máa gbá nǹkan bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ohùn kan náà lè wá láti ara nọ́ọ̀tì táyà tí kò le, èyí sì léwu gan-an.

Gbígbọ̀n. Bí pẹ́dàlì tàbí ìdarí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n bí awakọ̀ ti ń dúró láti orí eré, ó ṣeé ṣe kí ojú dísìkì má nípọn bákan náà yíká. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ní ètò ABS, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì lórí ilẹ̀ yíyọ̀, gbígbọ̀n àti kíkùn tí yóò gbọ́ jẹ́ iṣẹ́ ètò náà fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ohùn tí kì í ṣe ti bíréèkì. Bíárìn táyà tí ó ti gbó máa ń kùn bí eré bá ti ń pọ̀ sí i, ohùn rẹ̀ sì ń yí padà bí ọkọ̀ bá yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bí ohùn kan kò bá yí padà rárá nígbà tí a tẹ bíréèkì, ó yẹ kí a wo ibòmíràn pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò láìtíì tú nǹkan kan

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó dára kí awakọ̀ wa ọkọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ibi tí kò sí èrò, ní nǹkan bí kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Ògiri máa ń dá ohùn padà, nípa bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti mọ̀ bóyá ọ̀tún tàbí òsì, iwájú tàbí ẹ̀yìn ni ohùn ti ń wá. Kí ó tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Bí ó bá fa bíréèkì ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ lórí ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ohùn náà sì jáde, ẹ̀yìn ni ó ti yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, ojú ni yóò ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tọ́ọ̀ṣì tí a tàn gba àárín rímù ti tó láti rí pádì òde. Pádì tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12 láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ti dé mìlímítà 3, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a tún wo ike ọ́ìlì bíréèkì tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì tí ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin oṣù púpọ̀ lè jẹ́ àmì pé pádì ń jẹ. Èyí tí ó bá lọ sílẹ̀ lójijì ń jò níbì kan, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí ó kúrò nílé.

Ààbò kí a tó gbé ọkọ̀ sókè

Ewu tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe bíréèkì bí kò ṣe ọkọ̀ tí ó lè já lu ènìyàn. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kí ó sì tẹ́jú. Kí a fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, tàbí sí P bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, kí a sì fi igi tàbí òkúta há iwájú àti ẹ̀yìn àwọn táyà tí yóò wà nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú ni a fẹ́ tú, kí a fa bíréèkì ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, kí a jọ̀wọ́ rẹ̀. A óò dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò ki jáàkì bọ abẹ́ ibi tí ìwé ọkọ̀ náà tọ́ka sí.

Jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò wà fún dídì mú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gòkè, ìdúró irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ni ó gbọ́dọ̀ gbé e. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, tí a máa ń rí lábẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí àmì kankan ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki orí tàbí ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé.

Eruku bíréèkì náà gba ìṣọ́ra. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú pádì àtijọ́ tàbí kò sí. Nítorí náà, a kì í fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Kí a fi ìbòmú bo imú, kí a sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi nù ún, kí a dà á nù láìjẹ́ kí ó gbẹ. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ wà nítòsí.

Ohun tí ó yẹ kí a wò nígbà tí táyà bá ti kúrò

Ìnípọn pádì méjèèjì ni a óò kọ́kọ́ fi wé ara wọn. Bí ti inú bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí ti òde sì ṣì nípọn, ìṣòro náà ju pádì lọ: ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀pá kékeré tí kálípà ń yọ̀ lórí wọn ti gan, tàbí kí písítọ̀nù má lè padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kàn pààrọ̀ pádì láìtún èyí ṣe yóò gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i láìpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni dísìkì. Ilà fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n ihò jíjìn tí èékánná lè há sí, àwọ̀ búlúù tí ooru fà, tàbí lílà, kò dára. Ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ara rẹ̀ gan-an. Kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí a tó tú u, kí a mì ín. Bí ó bá ń fì, kí mẹkáníìkì wo bíárìn rẹ̀. Bí ọ̀rinrin ọ́ìlì bá wà lára kálípà tàbí nínú dúrọ́ọ̀mù, rọ́bà kan ti ń jò, pádì tàbí láínìn tí ọ́ìlì bá sì ti rin kò ṣeé fọ̀ kí a tún lò ó mọ́.

Àtúnṣe tí ó ṣeé ṣe nílé

Èyí tí ó rọrùn jù ni yíyọ òkúta. Páànù ààbò ẹ̀yìn dísìkì kò le. Ọwọ́ tàbí irin pẹlẹbẹ lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí òkúta jábọ́, kí a sì tún un tẹ̀ kí ó má baà kan dísìkì mọ́. Ohùn tí ó ti ń dẹ́rù ba awakọ̀ láti àárọ̀ lè tán láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èkejì ni fífi gíríìsì sí ibi tí ó yẹ. Kì í ṣe gíríìsì lásán. Èyí tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni ó lè fara da ooru, kò sì ní ba rọ́bà jẹ́. A óò fa ọ̀pá kékeré inú kálípà jáde, a óò nù ún mọ́, a óò fi gíríìsì tín-ín-rín pa á, a óò sì dá a padà sínú rọ́bà rẹ̀. A tún lè fi díẹ̀ pa etí irin pádì níbi tí ó ti jókòó, àti ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí písítọ̀nù ti ń kàn án. Gíríìsì kò gbọdọ̀ kan ojú pádì tàbí ojú dísìkì rárá.

Ẹ̀kẹta ni pípààrọ̀ pádì. Ẹsẹ̀ kan ni a máa ń tú lẹ́ẹ̀kan, kí èkejì lè jẹ́ àpẹẹrẹ bí nǹkan ṣe jókòó. A óò tú bóòtù kálípà, a óò gbé e kúrò, a óò sì fi okùn so ó mọ́ irin kan. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọ́. A óò yọ pádì àtijọ́, a óò sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ìpẹtà kúrò ní ibi ìjókòó wọn. A óò ṣí ìdérí ike ọ́ìlì, a óò sì ti písítọ̀nù padà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra kí ọ́ìlì má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí pé ó máa ń bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, yíyí ni a ń yí písítọ̀nù ẹ̀yìn wọlé. Nínú àwọn tí bíréèkì ọwọ́ wọn ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé kí ó padà. Irú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí à ń fi agbára tì.

Pádì ọ̀tún àti ti òsì ni a ń pààrọ̀ pa pọ̀, bí a kò bá fẹ́ kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá ti dá táyà padà, a óò fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní yíyíká, a óò sì fún wọn le tán lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti bọ́ sílẹ̀. Kí ọkọ̀ tó yí ẹsẹ̀ kan, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dàlì léraléra títí yóò fi le. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò tẹ bíréèkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wọlẹ̀ láìsí ohun tí ó dá a dúró.

Pádì tuntun nílò kí a kọ́ ọ níṣẹ́. Ní ọ̀nà tí ó dá, kí awakọ̀ dín eré kù láti nǹkan bí kìlómítà 50 sí 10 láìdúró pátápátá, ní nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ó sì jẹ́ kí bíréèkì tutù láàrin wọn. Ojú pádì àti ti dísìkì yóò bára mu, híhan ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò sì lọ.

Àwọn ìwòsàn èké

Àwọn ọ̀nà kan wà tí ó ń pa ohùn láìwo àìsàn. Ọ̀kan ni fífi sáńpépà ha ojú pádì ní gbogbo ìgbà tí ó bá ké. Ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n pádì ti fẹ́lẹ́ sí i, ọ̀pá tí ó gan ṣì gan síbẹ̀, ẹni tí ó ha á sì ti fa eruku símú. Òmíràn ni kíká ahọ́n irin tí ń kìlọ̀ kúrò. Èyí tí ó burú jù ni dída epo ẹ́ńjìnì, dísù tàbí gíríìsì sí ojú pádì. Bíréèkì náà yóò dákẹ́ lóòótọ́, nítorí pé kò lè di dísìkì mú mọ́.

Ọ́ìlì bíréèkì náà kò ṣeé fi ọ́ìlì mìíràn rọ́pò. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára gbọ́dọ̀ lè gbóná dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó hó nígbà tí ó ṣì tuntun, ti DOT 4 sì jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí a béèrè lọ́wọ́ wọn lọ sílẹ̀ sí 140 àti 155. Ọ́ìlì tí ó hó máa ń di ategun, ategun kò sì lè gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì.

Ojú ọjọ́, ojú ọ̀nà àti ọjà

Ibi tí ọkọ̀ ń gbé wà lára ohun tí ń pinnu ohùn tí yóò máa ké. Ní Kano àti Maiduguri, eruku ọyẹ́ máa ń wọ inú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ń mú kí láínìn máa han. Fífọ inú rẹ̀ mọ́ sábà máa ń tó. Ní Port Harcourt àti Calabar, níbi tí òjò ti pọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun sì ní iyọ̀ nínú, ìpẹtà ni ọ̀tá, ọ̀pá kálípà sì ń tètè gan. Ọkọ̀ tí ó ti ìlú olótùútù wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí ojú pópó láti yọ́ yìnyín, lè ti gbé irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ dé.

Òkè ni ó ń dán bíréèkì wò jù. Lórí ọ̀nà Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ní òkè Mambilla ní Taraba, tàbí ní Milliken Hill ní Enugu, awakọ̀ tí ó bá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbọ́ òórùn jíjó, bíréèkì náà yóò sì máa rọ. Jíà kékeré ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì bá bíréèkì di ọkọ̀ mú.

Nínú ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti Ládípọ̀ ní Èkó dé Nkwọ Nnewi ní Anambra, àti títí dé Suame Magazine ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, ojúlówó àti ayédèrú ń jókòó lórí àtẹ kan náà. Ayédèrú pádì lè le jù, kí ó máa han, kí ó sì máa jẹ dísìkì. Ó sì lè rọ̀ jù, kí ó fọ́ nínú ooru. Àjọ SON, tí ó ń rí sí ìpegedé ọjà ní Nàìjíríà, ti gbé ètò ìwé ẹ̀rí SONCAP kalẹ̀ fún ọjà tí ń wọlé láti 2005, síbẹ̀ olùrà gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò. Kí ó wo bóyá ojú pádì dọ́gba, bóyá ó lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ ṣinṣin, bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà wà lára pádì fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára páálí nìkan. Pádì tòkunbọ̀ kò yẹ ní rírà: kò sí ẹni tí ó mọ ooru tí ó ti jẹ àti ọ́ìlì tí ó ti mu.

Ìgbà tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́

Àwọn àmì kan wà tí ó kọjá iṣẹ́ ilé. Bí pẹ́dàlì bá ń rọ̀ wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ọ́ìlì bá ń jò, bí iná bíréèkì bá tàn tí kò kú, bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí dísìkì bá là, tàbí bí ohùn híha bá wà tí a kò sì rí ìdí rẹ̀, mẹkáníìkì ni kí ó wá bá ọkọ̀ nílé, tàbí kí wọ́n wọ́ ọ lọ bá a. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá ojú dísìkì kí ó dọ́gba, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìnípọn rẹ̀, nítorí pé dísìkì tí ó ti fẹ́lẹ́ jù kò yẹ ní fífá. Bákan náà, bí ariwo tí ó ti ń dún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bá ṣàdédé dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe, kò yẹ kí a kà á sí ìròyìn ayọ̀. Ó lè jẹ́ ahọ́n irin tí ń kìlọ̀ ni ó ti kán, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ náà gan-an.